Ìjókòó Kẹrin

Ní Drumheller, níbi tí ilẹ̀ ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀,
tí wọ́n ti ń wa egungun ẹranko
tí ojú ènìyàn kankan ò rí láàyè,
ibẹ̀ ni mo ti ń pín oògùn fún ẹlẹ́wọ̀n láàárọ̀.
Ìlẹ̀kùn irin mẹ́rin, lẹ́yìn náà, Lloyd.

Lloyd Hrynchuk, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
ó ti lo mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀ lábẹ́ òrùlé ìjọba.
"Nọ́ọ̀sì, ṣé bọ́ọ̀sì ti dé?"
Mo ní kò tíì dé.
"Ìyá mi á ti máa wọ̀nà fún mi."
Ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀
kí èmi tó mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Alberta.

Mi ò ní purọ́, mo ti ka fáìlì rẹ̀.
Kò yẹ kí n kà á. Mo kà á.
Ilé epo kan lẹ́bàá Hanna, òru, ìbọn,
Garth Amundsen, ọmọ ogún ọdún, tó ń ka owó ọjọ́ náà.
Dọ́là mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Lọ́jọ́ kejì mo gbé omi fún Lloyd,
ọwọ́ mi gbọ̀n, omi dà sí i láyà.
Ó ní kí n má bínú.
Òun ló ní kí n má bínú.

Ìjókòó kẹrin bọ́ sí oṣù Èrèlé, yìnyín dé orúnkún.
Èmi ni mo ti àga onítáyà rẹ̀ wọlé.
Ìgbìmọ̀ bi í pé kí ló rí kọ́
nínú ohun tó ṣe.
Ó wo ojú mi bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.
"Kí ni mo ṣe?"

Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní, ẹ wò ó,
ẹni tí ẹ dájọ́ fún ti gba ojú fèrèsé lọ,
ẹ̀wù rẹ̀ lẹ ń ṣọ́.

Ìgbà náà ni Marlys dìde, ẹ̀gbọ́n Garth,
pẹ̀lú bébà tó kà lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú,
tí etí rẹ̀ ti rọ̀ bí owó àtijọ́.
Ó ní Garth a máa súfèé bó bá ń fọ abọ́.
Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn sin bàbá àwọn,
àjèjì ló bá òun gbé ìdí pósí.
Ibẹ̀ lohùn rẹ̀ ti já.
Lloyd yíjú sí mi:
"Kí ló ṣe ìyá yẹn? Ẹ fún un lómi."

Ẹni tó ń tẹ̀wé gan-an dáwọ́ dúró.

Bàbá ìyá mi a máa ní
ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.
Kò sọ ohun tí a ó ṣe
bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé débi
tó fi ń bi ẹni tó kó o pé òórùn kí nìyí.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nídìí ẹ̀rọ kọfí,
Marlys bi mí bóyá lóòótọ́ ni kò rántí.
Mo ní lóòótọ́ ni. Mo rò pé á tù ú nínú.
"Wọ́n ti tú òun sílẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ó wá ku èmi."
Ó fa sípù kóòtù rẹ̀ dé àgbọ̀n.
Bébà náà wà lápò rẹ̀. Kò fà á ya.

Ẹ má bi mí pé èwo ni mo fara mọ́.
Lọ́jọ́ Ajé, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ.
Tó bá di Ọjọ́bọ̀, máa rántí dọ́là mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún:
wọ́n gbà kó lọ, bí ilé arúgbó kan bá lè gbà á.
Camrose ní bẹ́ẹ̀dì ti kún.
Stettler ò dáhùn.
Ẹnìkan ní Red Deer béèrè ohun tó ṣe,
ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ìlẹ̀kùn mẹ́rin, oògùn, omi.
"Nọ́ọ̀sì, ṣé bọ́ọ̀sì ti dé?"
Mo ní kò tíì dé.
Fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe irọ́.